Òjò tú àríyá ọgọ́rin ọdún ìyá wa ní Ẹ̀pẹ́, ọjọ́ orí wọn náà sì tú

ỌmọOlúwo (Àìkú, 25 oṣù karùn-ún 2025, aago 9:14 àárọ̀)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo fẹ́ kí ẹ bá wa dá sí ọ̀rọ̀ kan, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀, torí tí mo bá mú un láti àárín, ẹ ò ní gbà mí gbọ́.

Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni ìyá tó bí ìyá mi ti ń ta ẹja lọ́jà Olúwo, Ẹ̀pẹ́. Tí ẹ bá ti na ọ̀bọ̀kún rí lọ́jà yẹn, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti tà fún yín, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n ti bú yín. Gbogbo ìwé tí wọ́n ní ló sọ pé 24 oṣù karùn-ún 1945 ni wọ́n bí wọn. Àná, Sátidé, ló pé ọgọ́rin ọdún gééré. A ní irú ẹ̀ kì í kọjá lásán.

Odindi ọdún kan la fi dáwó. Kánópì mẹ́fà, màlúù kan, aṣọ ẹbí àǹkárá aláwọ̀ aró. Ẹja ni ẹnikẹ́ni ò lè kà, torí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ́jà ló ń gbé e wá ní bàsíà bàsíà. Ìkọ́kọrẹ́ nìkan, ìkòkò mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Jámánì fowó ránṣẹ́ pé ká ṣe ike olómọrí igba tí a máa pín fún àlejò. A tẹ àwòrán Màmá sára ẹ̀, a kọ "80" gàdàgbà sábẹ́ ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé àwọn ike yìí.

Àárọ̀ ni Àfáà ti wá ṣàdúrà, ìyẹn lọ wẹ́rẹ́. Aago mẹ́ta kọjá díẹ̀, àwọn èèyàn ń jẹun, díjéè ti fẹ́ẹ́ di wá létí pa, ni ojú ọjọ́ bá yí padà láti apá ọ̀sà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Ẹ̀pẹ́, ẹ mọ òjò tó bá ti ọ̀nà yẹn wá, kì í ránṣẹ́ ṣáájú. Ilẹ̀ ṣú bí ẹni pé aago méje alẹ́ ti lù. Atẹ́gùn ká kánópì kìíní nílẹ̀, ó gbé e lé orí mọ́tò àna wa kan. Abẹ́ kánópì kejì ni kéèkì alájà mẹ́ta wà. Èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sáré lọ dì í mú, omi ń ṣàn lórí súgà funfun yẹn, aró tí wọ́n fi kọ "80" ń yọ́ wọ inú apá aṣọ mi. Di bí mo ṣe ń kọ èyí, ọrùn ọwọ́ mi ṣì ní àwọ̀ búlúù.

Èèyàn tó lé ní igba, gbogbo wọn sá. Ẹnì kan ṣoṣo tí kò dìde lórí àga ni Màmá Èjìnrìn.

Màmá Èjìnrìn ni ẹ̀gbọ́n Màmá wa, ọmọ ìyá kan náà. Wọ́n á ti lọ bí àádọ́rùn-ún ọdún. Wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, abọ́ ẹja wà lórí itan wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. A kọ́kọ́ rò pé nǹkan ti ṣe wọ́n ni. Wọ́n wá nawọ́ sí Màmá wa, wọ́n ní: "Bó ṣe rí gẹ́lẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ nìyí! Ilẹ̀ ṣú lọ́sàn-án, adìẹ wọlé lọ sùn, gbogbo àlejò fi oúnjẹ sílẹ̀ sá. Èmi ni mo jẹ ẹran wọn."

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi bi wọ́n pé: "Òjò yìí náà ni, Màmá?" Wọ́n ní: "Òjò wo? Oòrùn ló kú. Òṣùpá bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ̀kán omi kan ò bọ́."

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti fa fóònù yọ. Ó wá a, ó ní 20 oṣù karùn-ún 1947 ni irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ wa. Ilé dákẹ́. Màmá wa, tí kì í dákẹ́ fún ẹnikẹ́ni, dákẹ́. Mo rí i tí wọ́n ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo ọ̀rẹ́ wọn, Ìyá Rìsí.

Ẹ yọ 1947 kúrò nínú 2025. Méjìdínlọ́gọ́rin ló kù, kéèkì ọgọ́rin sì ń yọ́ lọ́wọ́ mi.

Ìyá Rìsí gan-an ni wàhálà. Bàbá tó bí wọn jẹ́ àfáà, ó kọ ọjọ́ ìbí gbogbo ọmọ ẹ̀ sí ẹ̀yìn Kùránì, tiwọn sì bọ́ sí 1946. Ogójì ọdún ni wọ́n ti ń kúnlẹ̀ kí Màmá wa, tí wọ́n ń pè wọ́n ní "ẹ̀gbọ́n mi". Tí ọkọ̀ apẹja bá gúnlẹ̀ láàárọ̀, Màmá ló máa ń kọ́kọ́ ṣa ẹja, Ìyá Rìsí á dúró di ìgbà tí wọ́n bá ṣe tán, torí pé àgbà ló ń kọ́kọ́ bu òkèlè. Ìyá Rìsí dìde, gèlè wọn ti rẹ ṣìnkìn, wọ́n ní: "Ẹ tún un ṣírò." A tún un ṣírò. Wọ́n mú báàgì wọn, wọ́n bọ́ sínú òjò, wọn ò dágbére fún ẹnì kankan.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé ọ̀rọ̀ ẹni àádọ́rùn-ún ọdún la máa gbà ni àbí tinú ìwé? Tó bá sì jẹ́ òótọ́, ta ni kó máa kúnlẹ̀ fún ta? Ike igba wà nílẹ̀, a ò pín ẹyọ kan.

Bàbá_Dúdú (9:31)

Ẹ kú ìnáwó, ẹ kú òjò. Màlúù ńkọ́?

ỌmọOlúwo (9:33)

A ti jẹ ẹ́, ẹ̀gbọ́n. Òjò ò dí ìyẹn lọ́wọ́.

Aláṣọ_Ẹbí (9:50)

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Èmi ò ní gba ọ̀rọ̀ Màmá Èjìnrìn kíákíá bẹ́ẹ̀. Ìyá bàbá tèmi, gbogbo nǹkan tó ti ṣẹlẹ̀ láyé, "ìgbà Awólọ́wọ̀" ni wọ́n máa ń sọ pé ó jẹ́, títí kan ìgbà tí wọ́n bí èmi, 1991. Àgbà máa ń po ọ̀rọ̀ pọ̀. Ìwé ni kí ẹ dì mú.

Tísà_Fẹ̀yìntì (10:22)

Ọmọ mi, ẹ kú ìnáwó. Aláṣọ_Ẹbí, ìwé wo? Ta ló kọ ìwé náà? Lọ́dún 1945 àti 1947, ọmọ mélòó ni wọ́n kọ ọjọ́ ìbí wọn sílẹ̀ ní abúlé etí ọ̀sà? Ìwé ìbúra ọjọ́ orí ni èyí tó pọ̀ jù lọ́wọ́ àwa àgbà, ẹnu wa náà la sì fi búra.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá tàbí méjìlá kì í gbàgbé ọjọ́ tí oòrùn kú, pàápàá tó bá jẹ́ pé òun ló jẹ ẹran àlejò lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ yẹn wà lákọsílẹ̀. Òjìji òṣùpá ti Brazil la òkun kọjá, ó gba Làìbéríà àti Gánà, ó wọ Nàìjíríà lọ́sàn-án ọjọ́ ogún oṣù karùn-ún 1947, kó tó forí lé Kóńgò. Ṣùgbọ́n mi ò ní fi ẹ̀rí kan ṣoṣo dájọ́. Ṣé Àlàájà tó ń ṣọjọ́ ìbí lọ ilé ìwé?

ỌmọOlúwo (10:40)

Wọ́n lọ ṣá. Kíláàsì kẹrin ni wọ́n kà á dé kí wọ́n tó lọ máa bá ìyá wọn yan ẹja. Ọdún tí ìwé di ọ̀fẹ́ gan-an ni wọ́n mú wọn lọ. Wọ́n ní tísà ní kí wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún gba orí kan etí òsì, àti pé ọwọ́ wọn kàn án, àmọ́ agbára káká ni.

Tísà_Fẹ̀yìntì (11:05)

17 oṣù kìíní 1955 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ yẹn, ètò ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ̀ pé abẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn ni Ẹ̀pẹ́, Ìkẹjà àti Àgbádárìgì wà nígbà náà. 27 oṣù karùn-ún 1967 ni wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, ọ̀túnla ló máa pé ọdún méjìdínlọ́gọ́ta.

Ọmọ 1947 á ti lé ní ọdún méje nígbà tí ilé ìwé wọlé. Ọmọ 1945 á ti fẹ́ẹ́ pé mẹ́wàá. Ọmọ tó fẹ́ẹ́ pé mẹ́wàá kì í fi agbára káká kan etí, ńṣe ló máa ń gbá a mú, á tún fà á. Èmi náà tò sórí ìlà yẹn lọ́dún 1956. Ọwọ́ mi ò dé, wọ́n ní kí n padà sílé lọ jẹ ẹ̀bà sí i. Mo sunkún délé.

ỌmọỌ̀sà (11:18)

@ỌmọOlúwo, Èkó-Ẹ̀pẹ́ ni yín àbí Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́?

ỌmọOlúwo (11:20)

Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́. Kí ló fà á?

ỌmọỌ̀sà (11:27)

Mo mọ̀! Àwa Èkó-Ẹ̀pẹ́ mọ ọdún tiwa lórí. 1851 ni òyìnbó fi àgbá lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò l'Ékòó tó fi kó àwọn èèyàn ẹ̀ gba orí omi wá sí Ẹ̀pẹ́. A ṣì ń ṣe ayẹyẹ Káyọ̀káyọ̀ lé e lórí dòní. Ẹ bi wá ní ọjọ́ orí, a ò ní máa wá oòrùn kiri.

ỌmọOlúwo (11:30)

Ẹ ṣé. Ta lẹ bá níbẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ dé?

ỌmọỌ̀sà (11:31)

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀ Màmá.

ArìnrìnÀgbádárìgì (12:02)

Ti 2006 ni èmi rí, 29 oṣù kẹta, láàárọ̀ Ọjọ́rú. Ìyá mi da omi sínú bàsíà, wọ́n ní ká máa wo oòrùn nínú omi ká má bàa fọ́jú. Ó ṣú díẹ̀, adìẹ wa ò tiẹ̀ mọ̀. Tí adìẹ bá wọlé lọ sùn ní ti Màmá Èjìnrìn, á jẹ́ pé tiwọn ju tiwa lọ dáadáa.

Àfáà_Kékeré (1:15 ọ̀sán)

Àsàláámù àlékùmù. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti àárọ̀. ỌmọOlúwo, ẹ bá mi bi Màmá Èjìnrìn léèrè ohun kan ṣoṣo: ní ìgbà tí oòrùn kú yẹn, oṣù wo nínú oṣù Mùsùlùmí ni? Ẹ má sọ nǹkan kan sí wọn lẹ́nu. Ẹ kàn bi wọ́n, kẹ́ ẹ dákẹ́.

ỌmọOlúwo (3:48)

Mo pè wọ́n. Wọn ò gbọ́ràn dáadáa mọ́, ọmọ wọn ló ń pariwo ìbéèrè náà sí wọn létí, gbogbo Èjìnrìn ló gbọ́ ọ. Wọ́n kọ́kọ́ ní kí n jẹ́ káwọn sinmi, pé ẹja àná ṣì wà nínú àwọn. Nígbà tó yá ni wọ́n sọ pé ọjọ́ Àtàláátà, ìyẹn Ìṣẹ́gun, ni, pé ẹ̀rù tó ba àwọn èèyàn lọ́jọ́ náà pọ̀ débi pé nígbà tí wọ́n jáde lálẹ́ ọjọ́ kejì lọ wo oṣù Rájábù, àwọn kan ò fẹ́ gbójú sókè.

Àfáà_Kékeré (4:10)

Súbúhánà Lọ́ọ̀! Ẹ wò ó, oòrùn kì í kú láàárín oṣù. Ìgbà tí òṣùpá bá ti tán lójú ọ̀run, tí ó bọ́ sáàárín àwa àti oòrùn, nìkan ló lè bò ó. Òpin oṣù Mùsùlùmí gan-an nìyẹn, kí a tó rí oṣù tuntun. Tí Màmá bá ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù ni, mi ò bá ní wọ́n ti gbàgbé.

Mo wá ṣírò ẹ̀. 20 oṣù karùn-ún 1947 bọ́ sí ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n Jumádà kejì, ọdún Híjírà 1366. Rájábù ló tẹ̀ lé e. Ìyá tó lọ bí àádọ́rùn-ún ọdún, tí kò ní fóònù, kò lè dá ìyẹn rò jọ.

Tísà_Fẹ̀yìntì (4:26)

Àtàláátà yẹn náà ṣe wẹ́kú. Ẹ ò tiẹ̀ nílò kàlẹ́ńdà àtijọ́. Ti 1947 àti ti ọdún yìí bára mu láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: Ọjọ́rú ni àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ ogún oṣù karùn-ún ọdún yìí, tó kọjá lọ́sẹ̀ tí a wà yìí, Ìṣẹ́gun ni. Bó bá jẹ́ ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n sọ Àlàájà lórúkọ, Ìṣẹ́gun 13 oṣù karùn-ún 1947 ni wọ́n bí wọn. Ẹ pẹ́ ní ọjọ́ mọ́kànlá.

Adájọ́_Àdúgbò (5:00)

Ọ̀rọ̀ ìwé ni tèmi. Kí ẹnikẹ́ni má fi ọwọ́ kan NIN tàbí ìwé ìrìnnà Màmá. Ìyá mi gbìyànjú ẹ̀, oṣù mẹ́jọ ni a fi ń lọ tí a ń bọ̀, owó ń lọ, orúkọ wọn tún wá di ti ẹlòmíì. 1945 ni kí ìjọba máa mọ̀.

ÌyáÌbejì_Ìkòròdú (5:37)

Ẹ ti ń ṣírò oòrùn àti òṣùpá látàárọ̀, ẹ ò tíì dáhùn ìbéèrè tó ń dun ọmọ yìí. Ta ni kó kúnlẹ̀?

Nílé ọkọ mi, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wà tí mo fi ọdún mẹ́fà jù lọ. Mo ń kúnlẹ̀ kí i, mo ń pè é ní ìyálé mi, torí ó ti wà nínú ilé yẹn kí wọ́n tó gbé mi dé. Ilé ọkọ ò bi ẹnì kankan ní ọjọ́ orí. Ṣùgbọ́n Ìyá Rìsí àti Màmá kì í ṣe aya ilé kan náà. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n, ọjà ló pa wọ́n pọ̀. Ọjọ́ orí nìkan ló wà láàárín wọn, òun náà ló wá yẹ̀ yìí.

Ẹ tiẹ̀ jẹ́ kí n béèrè. Ta ló kọ́kọ́ sọ pé Màmá ni ẹ̀gbọ́n? Torí ẹni tí bàbá rẹ̀ kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ sílẹ̀ ò ní ṣàdédé kúnlẹ̀ fún ẹni tí kò mọ tiẹ̀.

Aláṣọ_Ẹbí (5:44)

Heee! Ìyá Ìbejì ti dé ìdí ẹ̀.

ỌmọOlúwo (Ajé, 26 oṣù karùn-ún, aago 6:20 àárọ̀)

Ìyá Ìbejì, mi ò mọ ohun tí mo lè sọ fún yín. Ọlọ́run ló fi ìbéèrè yẹn sí yín lẹ́nu.

Lálẹ́ àná, wọ́n ti mú iná lọ, mo ń fi òrí pa orúnkún Màmá. Mo kàn bi wọ́n bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n dákẹ́ títí mo fi rò pé oorun ti gbé wọn lọ. Wọ́n wá ní: "Ọmọ yìí, o ò ṣe lọ́ọ́yà?"

Ọdún 1985 ni. Ìyá Rìsí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sọ́jà Olúwo láti Àgbówà ni. Ọkọ wọn ní ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́ńjìnnì méjì, ìsọ̀ tó dára jù lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n sì gbà fún wọn. Wọ́n jọ fẹ́ lọ Mẹ́kà lọ́dún yẹn, wọ́n wá jọ lọ ṣe ìwé. Akọ̀wé bi Ìyá Rìsí pé ọmọ ọdún mélòó. Ìyá Rìsí ní mọ́kàndínlógójì, wọ́n tún fi lé e pé bàbá àwọn kọ ọ́ sẹ́yìn Kùránì. Ó wá kan Màmá wa.

Wọ́n ní: "Ó ní ìsọ̀, ó ní ọkọ̀, ó ní bàbá tó kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ sílẹ̀. Èmi, wọ́n kàn bí mi ni. Ẹnu mi ló sọ ogójì."

Akọ̀wé ní oṣù wo? Màmá ní ìyá àwọn máa ń sọ pé kò jìnnà sí àsìkò Empire Day, ọjọ́ ayẹyẹ ìjọba òyìnbó ayé ìgbà yẹn. Akọ̀wé kọ 24 oṣù karùn-ún 1945, ó lu òǹtẹ̀. Bí wọ́n ṣe jáde síta báyìí, Ìyá Rìsí kúnlẹ̀, wọ́n ní "ẹ kú ìdúró, ẹ̀gbọ́n mi". Màmá ní àwọn fẹ́ sọ òótọ́ lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí wọ́n dé Mẹ́kà, wọ́n fẹ́ sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n padà dé, ẹja ti ń dé, wọ́n ti ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ ṣà, ó wá ṣòroó sọ.

Mo ń pa orúnkún lọ. Mi ò lè rẹ́rìn-ín, mi ò sì lè bínú.

Bàbá_Dúdú (6:41)

Ogójì ọdún tí wọ́n ń ṣa ọ̀bọ̀kún ṣáájú. Ẹ ṣírò gbèsè ẹja yẹn fún mi.

ỌmọỌ̀sà (6:52)

Kò ṣeé ṣírò. Ẹni tó kọ́kọ́ ṣà ló ń kó èyí tó tóbi, àwọn oníbàárà á sì mọ ìsọ̀ rẹ̀. Mo ń ta ẹja, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Màmá jẹ gbèsè gidi.

ÌyáÌbejì_Ìkòròdú (7:10)

Ẹ má fi ìyá arúgbó ṣe yẹ̀yẹ́. "Wọ́n kàn bí mi ni" yẹn wọ̀ mí lára. Ìyá tèmi náà ò mọ ọjọ́ tiwọn. Tá a bá ń ṣe ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ, wọ́n á jókòó sí kọ̀rọ̀ kan, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́.

ỌmọOlúwo, ẹ mú Màmá lọ bá Ìyá Rìsí. Ẹ má fi fóònù ṣe é.

Àfáà_Kékeré (9:02)

Mo ní ohun kan tí mo fẹ́ sọ, mo ti ń rò ó láti àná. Ọdún Híjírà fi bí ọjọ́ mọ́kànlá kúrú sí ọdún òyìnbó. Jumádà kejì 1366 ni wọ́n bí Màmá. 1446 la wà yìí. Ẹ yọ ọ́.

ỌmọOlúwo (9:06)

1446, ẹ yọ 1366... Àfáà! ỌGỌ́RIN!

Àfáà_Kékeré (9:09)

Ọgọ́rin gééré. Láti nǹkan bí oṣù kejìlá tó kọjá ni wọ́n ti pé e. Kéèkì yín ò parọ́, ìwé ìrìnnà ló parọ́. Kí ni ẹ̀yìn Kùránì bàbá Ìyá Rìsí wí gan-an?

ỌmọOlúwo (9:30)

Rìsí ló ka á fún mi lórí fóònù, ó ń bá mi sọ̀rọ̀ tìbínú-tìbínú. Ràmàdáànì 1365.

Àfáà_Kékeré (9:34)

Ràmàdáànì 1365 wà láàárín ìparí oṣù keje sí ìparí oṣù kẹjọ 1946. Ìyá Rìsí ti pé ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ní Ràmàdáànì tó kọjá yìí, bí a bá fi Híjírà kà á. Kàlẹ́ńdà yòówù tí ẹ lò, wọ́n fi bí oṣù mẹ́sàn-án ju Màmá lọ. Ìyẹn ni kò ní àtúnṣe.

Aláṣọ_Ẹbí (9:40)

Mo gba gbogbo ohun tí mo sọ lórí ìwé padà. Ẹ kú orí pípé, Màmá Èjìnrìn.

ỌmọOlúwo (Ìṣẹ́gun, 27 oṣù karùn-ún, aago 4:55 ìrọ̀lẹ́)

A lọ lónìí, torí ọjọ́ àwọn ọmọdé ni, mi ò lọ síbi iṣẹ́.

Màmá wọ aṣọ tí wọ́n fi ń lọ Jímọ̀. Wọ́n di ọ̀bọ̀kún yíyan ńláńlá mẹ́rin sínú apẹ̀rẹ̀, a wọ kẹ̀kẹ́. Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi dé.

Ìyá Rìsí jókòó sórí àga nínú pálọ̀, wọn ò dìde. Màmá di férémù ilẹ̀kùn mú, wọ́n tẹ orúnkún ọ̀tún nílẹ̀, wọ́n dúró, wọ́n mí, wọ́n tẹ ti òsì. Mo rò pé Ìyá Rìsí á sáré gbá wọn mú kí wọ́n tó kan ilẹ̀, bí àwọn àgbà ṣe máa ń ṣe. Rárá o. Wọ́n ń wò wọ́n títí orúnkún méjèèjì fi balẹ̀ pátápátá. Màmá ní: "Ẹ kú ilé, ẹ̀gbọ́n mi."

Ìyá Rìsí ní: "Ọ̀kan."

Wọ́n ní: "Ó ku ti ogójì ọdún."

Ni Màmá bá bú sẹ́rìn-ín nílẹ̀ níbẹ̀, Ìyá Rìsí náà ò lè mú ara dúró mọ́. Màmá ò wá lè dìde. Ìyá Rìsí fẹ́ fà wọ́n, orúnkún tiwọn náà kọ̀. Èmi àti Rìsí la gbé àwọn méjèèjì.

Wọ́n ti ṣe ìdájọ́. Ìyá Rìsí ni yóò máa kọ́kọ́ ṣa ẹja láti òní lọ. Màmá fẹ́ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n máa ṣà á ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, Ìyá Rìsí kàn wò wọ́n. Ọ̀rọ̀ ọgọ́rin, Màmá ní Híjírà ni kàlẹ́ńdà àwọn, ọgọ́rin làwọn, kò sẹ́ni tó máa yọ nǹkan kan nínú ẹ̀. Ìyá Rìsí ní kò burú, ti òyìnbó ni tàwọn, ìyẹn ni pé oṣù kẹjọ ọdún tó ń bọ̀ làwọn máa ṣe ọgọ́rin tàwọn. Wọ́n wá bi mí pé ike igba yẹn ńkọ́?

Mo ní ó wà nílé, Màmá, àmọ́ àwòrán Màmá wa ló wà lára ẹ̀.

Wọ́n ní ká gbé e wá bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò ní lẹ nǹkan kan mọ́ ọn. Kí ó wà níbẹ̀, kó máa wo àwọn bí àwọn ṣe ń ṣọjọ́ ìbí àgbà.

A ti fi kẹ̀kẹ́ kó o lọ, ìrìn méjì.

Bàbá_Dúdú (5:03)

Oṣù kẹjọ ọdún tó ń bọ̀. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣé màlúù máa wà?